Iná Ńlá tí Àbúrò Ọkọ Mi Yàn

Òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí yàrá yẹn ní Komu, òórùn òrí tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tó dà pọ̀ mọ́ ti ẹfun tí wọ́n fi kun ògiri àti ti ẹní tuntun. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín: ilé alámọ̀ olórùlé páànù, tí fèrèsé rẹ̀ kéré bí ẹni pé ẹni tó kọ́ ọ ń ṣahun ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń tutù lásìkò oòrùn, àmọ́ ó máa ń ṣókùnkùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀, ire ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà ya nǹkan níbẹ̀, kó yáa gbé iná dání. Ọ̀rọ̀ iná yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí pé títí di òní, bí mo bá rántí bí a ṣe rà á, mo máa ń pòṣé kí n tó mọ̀ pé mo ti pòṣé.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́ fídíò ní Ṣakí. Èmi ni mo kọ́ṣẹ́ náà. Òun ló ń wá iṣẹ́ wá, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ o mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ṣe rí. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ, ọkọ mi ni. “Ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, “ìyàwó” ló ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀ pé ohun tó ń wí kò mọ́gbọ́n dání gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí ó tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ ti ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tán.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ṣakí ló gbé iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí fún wa. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣe òrí tà ní Komu, fẹ́ ṣe wòlíímà. Ìyá Komu yìí ti darúgbó kí wọ́n tó wọ ilé kéwú. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ Kùráánì kà, wọ́n sì lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí ìyá wọn, wọ́n ń ka álífù àti báù. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi sú àwọn tó ń rín in. Ojú wọn wá ń ṣú, wọn kò rí lẹ́tà mọ́, àwọn ọmọ wọn bá gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì tún padà sí ilé kéwú. Ní báyìí, wọ́n ti kà á dópin.

“Nítorí ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tó máa ya fídíò,” obìnrin aláṣọ náà sọ fún mi. “Ìgbòho ni wọ́n ń gbé, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n yẹn ni bàbá wọn fi sí ilé kéwú. Ìyá tèmi, igbó ni wọ́n ń rán wọn lọ, kí wọ́n lọ ṣa èso òrí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn rí ojú àwọn bí àwọn ṣe ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá mi ò tíì le tán o. Bí ẹ bá bà á jẹ́, a ò lè tún un ṣe.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ mi, àti èyí tó kan ẹ̀gbọ́n àti èyí tó kan ojú. Ó ní òun ti gbọ́. Ìgbà tí ó bá sọ pé òun ti gbọ́ yẹn ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù.

Iná tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ẹnu wáyà ló ti ń jẹun. Bí iná ìjọba bá lọ, àfi kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ta ló sì fẹ́ gbọ́ Kùráánì lábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀? Ìdí nìyẹn tí a fi wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù kámẹ́rà lọ́nà ọjà, ká ra iná ẹ́lẹ́dì tó ń lo bátìrì, èyí tí èèyàn lè gbé kiri. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa ti bo gbogbo páálí tó wà níbẹ̀, ètè gbogbo wa sì ti sán. Mo mọ ohun tí mo bá wá. Kékeré kan wà lórí pẹpẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí èèyàn lè yí létí kó funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí iná àtùpà, tó sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìṣẹ́jú. Mo mú un dání, mo tan án, mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi sì jọ ọwọ́ mi. Inú mi dùn. Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí.

“Ìyá oní-fídíò,” ni ọlọ́jà wí, “ìyẹn kéré sí yín. Ẹni tó bá ń wá iná, kó wá iná!” Ló bá gbé ọ̀kan jáde látẹ̀yìn, ó fẹ̀ tó àwo ìgúnyán, ó sì tan án sí mi lójú gbàgà. Fún ìgbà díẹ̀, àwọ̀ ewé nìkan ni mo ń rí. Àbúrò ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

“Ọ̀sán gangan nìyí!” ó wí. “Ìyàwó, ṣé o rí i? Ọ̀sán gangan!”

Mo nu ojú mi, mo ní kí wọ́n dákẹ́ ná, kí a gbọ́ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ó ń kùn bí agbọ́n inú ìkòkò. Ọlọ́jà ní fáànù tó ń tù ú lára ni, pé iná tí kò bá ní fáànù, kò lágbára nìyẹn. Mo ní Kùráánì la fẹ́ gbà sílẹ̀, kì í ṣe fáànù. Ó ní fáànù náà máa ń dákẹ́ tó bá yá. Mo ní kí ó rẹ iná náà sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo gbé kámẹ́rà mi sí i, ìlà dúdú sì ń sáré láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ nínú àwòrán bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lójú fèrèsé. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní kámẹ́rà mi ni ara rẹ̀ kò yá. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ iná náà, ó jọ ọwọ́ òkú. Ó ní tí mo bá délé, kí n fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Kò sí ohun tí mo sọ tí ọkùnrin yìí kò ní èsì sí, àwọn èsì náà sì dùn létí àbúrò ọkọ mi ju tèmi lọ.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́,” mo wí, “ẹ rántí ojú ìyá yẹn.”

“Nítorí ojú wọn náà ni,” ó dáhùn. “Ẹni tí ojú ń dùn, ṣebí ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́. Tí a bá gbé èyí tó tó páálí ìṣáná yẹn lọ sí Komu, wọ́n á ní fóònù la gbé wá. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwa la dé!”

Mo tún ẹnu mú láti sọ̀rọ̀, àmọ́ páálí iná ńlá náà ti wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọlọ́jà ti ń gbàdúrà fún wa.

Kí n má wulẹ̀ sọ ti bátìrì rẹ̀. Wọ́n ní yóò gbé iná náà di òwúrọ̀. Mo tan án nílé nígbà tí mo gbé omi ọkà kaná, kí omi náà tó hó, iná ti ń ṣẹ́jú, ó sì kú. Mo pe àbúrò ọkọ mi wá wò ó. Ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní, “Tuntun ni, ìyàwó. Ilé ṣì ń ṣe é ní àjèjì.” Mo wọ yàrá mi lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ yá bátìrì kún bátìrì lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò, ó ní ìṣòro ti tán.

Lọ́jọ́ wòlíímà, ọyẹ́ jà ní Komu débi pé kánópì tí wọ́n ta síta ń fò bí ẹyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Àáfáà ní kí oúnjẹ máa lọ níta, ṣùgbọ́n inú yàrá ìyá ni kíkà yóò ti wáyé, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, kí eruku má bàa da Kùráánì láàmú. Bí a ṣe dé inú yàrá tí mo ń wí yẹn nìyẹn. Ìyá Komu jókòó sórí ẹní, wọ́n wọ funfun látòkè délẹ̀, wọ́n lé tìróò, ọwọ́ wọn sì ń dán fún òrí. Àáfáà wà lápá ọ̀tún wọn, ọmọ wọn obìnrin wà lápá òsì, àwọn ará ilé àti àwọn àlejò sì há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” wọ́n wí. “Ṣé ẹ̀gbọ́n mi á rí mi dáadáa?”

“Wọ́n á rí yín, Ìyá. Wọ́n á rí yín kedere.”

Àbúrò ọkọ mi tan iná rẹ̀. Yàrá náà mọ́lẹ̀ débi pé àwọn èèyàn ké “Háà!” lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i tí ó ń fi àyà gún afẹ́fẹ́. Ìyá ṣe Bísímílàáì, wọ́n ka Fátíà láìwo ìwé, ohùn wọn tinrin ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Wọ́n wá ṣí ìwé síbi tí wọ́n fẹ́ ti kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró. Gbogbo ilé dákẹ́, ohun tó kù tó ń dún kò ju fáànù inú iná lọ. Àáfáà sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn létí, wọ́n gbà á, wọ́n sọ èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tún dúró. Mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn mi tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Wọ́n ti gbàgbé. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ orí kò ṣeé tàn.” Ẹlòmíràn ń mi orí. Ọmọ wọn obìnrin gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu. Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde lójú ìyá, ó ń wọ́ tìróò lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbà náà ni àbúrò ọkọ mi fẹ́nu sí mi létí. “Ya omijé yẹn, ìyàwó! Sún mọ́ ọn, yà á dáadáa! Ayọ̀ ló pọ̀ fún wọn!”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bá èèyàn bínú rí láyé mi. Ti ọjọ́ yẹn ṣàrà ọ̀tọ̀.

Kí n tó fèsì, ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní pàà, wọ́n sì gbé ojú sí wa. “Èmi ò gbàgbé nǹkan kan!” wọ́n wí, ohùn náà kò tinrin mọ́. “Iná yín ló ń ta mí lójú. Ìwé ti funfun láúláú, n ò rí lẹ́tà kan níbẹ̀. Ta ló ní kí ẹ gbé oòrùn wọlé wá bá mi?”

Àbúrò ọkọ mi yí iná náà sílẹ̀ wàrà, ìlà dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré nínú kámẹ́rà mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tún yí i sókè, ìyá fi ìborùn bo ojú. Ó yí i sílẹ̀, ó yí i sókè. Ó ń wò mí. Gbogbo yàrá ń wò mí. Tí mo bá pa á pátápátá, òkùnkùn ni kámẹ́rà yóò rí, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìgbòho yóò sì máa gbọ́ ohùn láìrí ojú. Mo dìde. N kò kúnlẹ̀, n kò sọ “ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní, “Ẹ gbé e wá,” mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn iná náà sí ìyá, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ìmọ́lẹ̀ náà lu ẹfun, gbogbo ìbínú inú rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Èyí tó padà wá bá wa jẹ́ ìmọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ bíi ti ẹnu ọ̀nà ní kùtùkùtù, ẹfun tó ti gbó sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri sì ti fún un ní àwọ̀ èèyàn alààyè.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé. Ṣé ẹ ń rí i?”

Wọ́n sọ ìborùn kalẹ̀. Wọ́n nu ojú. Wọ́n gbé ìwé sókè, wọ́n gbé e wálẹ̀, wọn kò yára rárá. “Mo rí i,” wọ́n wí. “Ibẹ̀ ni kó wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ súrà náà, wọn kò sì dúró mọ́ àfi níbi tó yẹ kí èèyàn ti mí. Ìka wọn tó ń dán fún òrí ń lọ lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún sí òsì. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ ké Àláhù Àkíbárù nígbà tí wọ́n kà á tán. Bátìrì tó gbẹ̀yìn nínú àpò kú nígbà tí àáfáà ń ṣe àdúà, gbogbo èèyàn sì ti dijú, kò sẹ́ni tó mọ̀ àyàfi èmi.

O lè rò pé ìjà parí níbẹ̀. Nígbà tí a jókòó láti to fídíò náà, àbúrò ọkọ mi ní ká gé ibi tí ìyá ti bú wa kúrò. “Ta ló ń fi èébú ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ ara rẹ̀?” ó wí. Ní ti ìyẹn nìkan, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, orúkọ àwa méjèèjì ló wà lára iṣẹ́ náà. Àmọ́ obìnrin aláṣọ wá bá wa, ó ní ìyá rẹ̀ ti fura pé a máa fẹ́ gé e, wọ́n sì ránṣẹ́. “Wọ́n ní ẹ má yọ ohunkóhun. Wọ́n ní àwọn dúró níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àwọn rí i pé àwọn dúró. Àwọn kì í parọ́ fún wọn.” Àbúrò ọkọ mi pòṣé. Èmi náà pòṣé. A fi í sílẹ̀.

Obìnrin náà bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé e lọ sí Ìgbòho, kí n lè bá òun tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la gbà, igbó ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, eérú ń fò wọ mọ́tò. A bá Ìyá Ìgbòho lórí àga olówùú kan lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n jọ àbúrò wọn débi pé mo fẹ́ ya ẹnu. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí níwájú wọn, mo tan án.

“Kí ló ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọkà yẹn?” ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n wí.

“Iná ni, Ìyá.”

“Iná wo ló ń kérora?” Mo kàn ní kí wọ́n má bínú.

Wọ́n ń wò ó. Nígbà tí àbúrò wọn ń ka Fátíà, ètè wọn ń mì tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti há, kí àáfáà inú fídíò tó sọ ọ́, Ìyá Ìgbòho ti sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, wọ́n sọ ọ́ sókè, wọ́n na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gbé omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n tún sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Àbúrò wọn wá lu ẹní pàà, wọ́n ní ta ló gbé oòrùn wọlé wá bá àwọn. Ìyá Ìgbòho bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, ọmọ àbúrò wọn sì ń fọwọ́ lù wọ́n lẹ́yìn.

“Òun nìyẹn!” wọ́n wí. “Ẹ tún un ṣe, ẹ padà síbẹ̀. Òun gan-an nìyẹn.” Mo dá a padà. A wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún dá a padà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà yí padà lójú wọn. “Nígbà tí mo bá ń ka wàláà mi,” wọ́n wí, “ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ó ń gbọ́. Wọ́n á lé e. Yóò bú wọn kó tó lọ. Ohùn tó fi bú wọn nìyẹn.” Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó máa lọ, wọ́n sì bá àbúrò wọn kà á dópin, ohùn méjì, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, fáànù iná náà sì ń kùn lábẹ́ méjèèjì. Obìnrin aláṣọ kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Èmi ń wo ẹ̀rọ mi bí ẹni pé nǹkan kan bàjẹ́ lára rẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe.

Àbúrò ọkọ mi ṣì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé iná ńlá òun ló gba iṣẹ́ Komu là. N kì í jiyàn mọ́. Ó máa ń sọ ọ́ níṣojú mi, mo sì máa ń gbé ojú sókè. Àmọ́ mo ti padà lọ ra iná kékeré mi, n kò sì mú ẹnikẹ́ni dání. Bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ bá bi mí pé irú iná wo ló yẹ kí àwọn rà, wọ́n máa ń retí pé kí n sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Mo máa ń ní kí wọ́n tan án sí ojú ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n mú ìwé kan dání, kí wọ́n sì kà á. Bí wọn kò bá lè kà á, kí wọ́n gbé e padà sórí pẹpẹ, ohun yòówù kí ọlọ́jà máa wí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rò pé nítorí kámẹ́rà la ṣe ń gbé iná. Ìyá Komu ló jẹ́ kó yé mi pé ẹni tó jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ náà ní ojú, ó sì ní ohun tí òun náà ń wò.